Òdo Nínú Ọgọ́ta

"Ìbéèrè keje rèé, Ìyá Sadiya. Ṣé ẹ máa ń sunkún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

"Alhamdulilahi."

Awwal fi bíró kọ òdo. Ó ti kọ mẹ́fà ṣáájú èyí, wọ́n tò bí ẹyin adìyẹ nínú ìtẹ́.

"Oúnjẹ ń kọ́? Ṣé ó ń lọ lọ́nà ọ̀fun?"

"Alhamdulilahi."

Òdo kẹjọ.

Orí ẹní ni Rasheedah jókòó sí nínú yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Gàmbàrí, ó ń kọ ọnà sára fìlà. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń jáde, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Awwal wo ọwọ́ náà títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Sadiya, kò mà sí òwú nínú abẹ́rẹ́ yín! Àbí fìlà àwọn màláíkà lẹ ń rán ni?"

Obìnrin náà wo abẹ́rẹ́. Ó wò ó pẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rẹ́rìn-ín ni Alhaji Sufyan. Àbúrò Alhaji ni ọkọ Rasheedah, ó ti di olóògbé láti oṣù mẹ́jọ. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni Alhaji gbé àga sí, ó ń ka tẹ̀sùbáà, kò sì sí ìdáhùn kan tí kò dé etí rẹ̀.

Awwal mọ̀ pé kò yẹ kí Alhaji wà níbẹ̀. Dókítà Bùkọ́lá, ọ̀gá rẹ̀ tó ń ṣe ìwádìí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àwọn opó ní yunifásítì, ti kìlọ̀ fún un bí ẹni ń kìlọ̀ fún ọmọ tó ń lọ sódò: "Ìwọ àti opó nìkan ni o. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá sì kọjá ogún nínú ọgọ́ta, ìwọ fúnra rẹ ni kí o mú un wá bá mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú." Àmọ́ Alhaji ti gbé igbá fùrá tútù ka iwájú rẹ̀, oòrùn Ìlọrin sì ń ràn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ta ni yóò mu fùrá tán kí ó ní kí onífùrá dìde?

Ọmọ Ìlọrin sì ni Awwal. Ó mọ̀ pé ilé lè jó, kí òjò wó ògiri, kí ẹran ọ̀sìn kú tán, tí wọ́n bá bi onílé léèrè, Alhamdulilahi náà ni yóò wí. Ọpẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ìdáhùn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Òdo ló kọ.

Nígbà tí ogún ìbéèrè pé, Alhaji na ọwọ́. "Ààfáà yunifásítì, èsì tiwa ń kọ́?"

Fùrá ti dé Awwal lórí. Ó ya ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ yunifásítì, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Rasheedah, òdo nínú ọgọ́ta. Kò sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó buwọ́ lù ú bíi gómìnà.

Ó ti dé ìta kí Rasheedah tó sáré bá a, ó gbé ife omi tí kò bèèrè dání. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àbúrò mi, ìbéèrè oorun yẹn. Jọ̀ọ́, tún un bi mí."

"Ìyá Sadiya, bíró ni mo fi kọ ọ́ o! Bíró kì í ṣe pẹ́ńsù, kò ṣeé pa rẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gun ọ̀kadà. Opó mẹ́ta ló kù lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀lù sì máa bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Dókítà Bùkọ́lá ránṣẹ́ pè é. Awwal lọ bọ bàtà tuntun, ó rò pé ìyìn ni.

"Awwal, nínú ogójì opó, mọ́kànlélọ́gbọ̀n gba òdo. Èmi gan-an, lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, mi ò gba òdo! Ṣé Gàmbàrí lo lọ ni, àbí àlùjánnà?"

Awwal fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀gá rẹ̀ kò gbà á láyè.

"Kí ni wọ́n sọ gan-an?"

"Alhamdulilahi, mà."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, mà."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọkọ̀ wà nísàlẹ̀. Padà lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan."

Ilé Rasheedah ló kọ́kọ́ yà. Àpò sìmẹ́ǹtì ló bá nínú yàrá tí obìnrin náà ti ń rán fìlà. Kí ó tó bèèrè ọ̀rọ̀, Alhaji Sufyan ti dì mọ́ ọn.

"Ọkùnrin gidi! Ìwé rẹ ló kó wa yọ!"

Ó wọlé, ó gbé ìwé náà jáde. Wọ́n ti lẹ ọ̀rá mọ́ ọn níwá lẹ́yìn, bí wọ́n ti ń ṣe sí sàtífíkéètì.

"Àbúrò Rasheedah wá pariwo níbí, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í sùn, kì í jẹun, àfi kí á gbé e lọ sí ọsibítù. Mo fi ìwé rẹ hàn án lójú gbogbo àgbà ilé. Yunifásítì ní nǹkan kan ò ṣe é! Ìtìjú ló bá lọ. Tí nǹkan kan ò bá ṣe é, kí ló dé tí kò lè tọ́jú ọmọ? Ìmẹ́lẹ́ ni. A ti gba Sadiya lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó mi ló ń tọ́ ọ. A sì gba yàrá."

"Òun náà dà?"

Alhaji fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀gbẹ́ ilé ewúrẹ́ ni Rasheedah jókòó sí. Kò sí fìlà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kò sí abẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń rán nǹkan síbẹ̀, ó ń wọlé, ó ń jáde.

Awwal lóṣòó níwájú rẹ̀. "Ìyá Sadiya, ẹ dìde. Ọkọ̀ wà níta. Ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà."

"Dókítà wo?" Alhaji ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ tìwé tìwé, àwọn àgbà ilé méjì sì tẹ̀ lé e. "Ìwé rẹ rèé. Ìbuwọ́lù rẹ rèé. Àbí irọ́ lo kọ?"

Awwal gba ìwé náà. Ó fi èékánná ha orí òdo yẹn. Ọ̀rá ló ń ha. Àwọn àgbà ń wo ẹnu rẹ̀, ẹnu tó ń pa gbogbo Gàmbàrí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ: irọ́ ni. Ó tún fi èékánná ha òdo náà.

Rasheedah gbójú sókè. Ó wò ó pẹ́, bó ti wo abẹ́rẹ́ ìjọ́sí.

"Àbúrò mi," ó ní, "ara ń kọ́?"

Kí Awwal tó mọ̀, ahọ́n rẹ̀ ti dáhùn. "Alhamdulilahi."

Rasheedah mi orí.

"Òdo," ni ó wí, ó sì padà sídìí ìránṣọ rẹ̀.