Ọṣẹ Lára Bẹ́líìtì

Kí Àǹtí Adépéjú tó yà wọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá Ijapo Estate ni mo ti gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń ké fíín bí ẹ̀fọn tó wọ etí ènìyàn. Bí ó bá ti fún un níná ni ohùn náà ń ga sí i.

"Bọ̀dá Gbémiga, ẹ gbà mí," ni ó wí bí ó ti sọ̀kalẹ̀. "Wọ́n ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta ní Oǹdó. Á dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti sọ mí ní Tíṣà Fèrè."

Oǹdó ni ó ti ń ṣe tíṣà. Àràárọ̀ ni ó ń wakọ̀ lọ láti Àkúrẹ́, pẹ̀lú Ayọ̀mídé, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, tó máa ń jókòó lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ta ni ó ń bá yín tún un ṣe, mà?"

"Ọ̀gá Reuben. Wọ́n ní ẹ mọ̀ wọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́fà àti oṣù méjì ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mo fi ìdí sukurudíráfà gígùn kan sétí, mo sì ń fi ẹnu rẹ̀ kan ara àwọn ohun tí bẹ́líìtì ń yí, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù omi kò ní wàhálà. Ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná náà kò ní. Nígbà tí mo kan ìdí róòlà tó ń mú kí bẹ́líìtì le, ariwo náà wọ inú orí mi. Mo pa ọkọ̀, mo yọ bẹ́líìtì, mo tún tan ẹ́ńjìnnì fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Kẹ́kẹ́ pa. Mo pa á, mo fi ọwọ́ yí róòlà náà, ó ń ha bí eyín tó jẹ iyanrìn.

Iṣẹ́ wákàtí kan ni. N kò mọ ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀gá mi ṣe é, àfi ìgbà tí mo wo ọwọ́ mi.

Ọwọ́ mi ń yọ̀. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan ti pò mọ́ gírísì àti eruku, ó lẹ̀ sínú ilà bẹ́líìtì náà bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Mo gbé e símú. Ọṣẹ ìfọṣọ ni, ooru ẹ́ńjìnnì sì ti jó o. Mo kúrò nídìí ọkọ̀ lọ tutọ́.

Mo mọ ọṣẹ yẹn. Bí bẹ́líìtì bá ń ké, ọ̀gá mi a fi ọṣẹ ra á. Ariwo á lọ sílẹ̀, oníbàárà á dúpẹ́, á sì padà wá. Èmi ni ó máa ń rán lọ ra ọṣẹ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 2011, èmi fúnra mi ni mo fi ọṣẹ ra bẹ́líìtì Bàbá Akínyẹmí, àgbẹ̀ kan láti Ipogun. Mo kọ déètì náà sẹ́yìn ìwé ìṣirò tí mo ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ní Sátidé, bẹ́líìtì já, ẹ́ńjìnnì nọ́kì. Bàbá náà padà wá, omijé wà lójú rẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí ó lọ gbàdúrà, pé àwọn ará ilé rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo di sípánà mú.

Lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù mi, ó mú mi búra lójú ẹgbẹ́ mẹkáníìkì pé n kò ní tú àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ fún oníbàárà láé.

"Kí lẹ rí?" ni Àǹtí Adépéjú bi mí.

Mo wo àga kékeré ọmọ náà lẹ́yìn ọkọ̀.

"Róòlà yìí ló ti bàjẹ́, mà. Bí ó bá há, bẹ́líìtì á já, ẹ́ńjìnnì á sì jóná mọ́ yín lọ́wọ́ nínú igbó Ọwẹ́nà. Ọṣẹ ni wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́."

"Ọṣẹ? Ọṣẹ tí mo fi ń fọ pátá?"

"Òun ni, mà."

"Ẹ ó sọ ọ́ lójú Ọ̀gá Reuben."

Mo pààrọ̀ róòlà àti bẹ́líìtì, mo fi pẹtiróòlù fọ gbogbo ibi tí ọṣẹ náà dé. Ọkọ̀ náà kò ké mọ́. A wà á lọ sí Oǹdó láti dán an wò. Bẹ́líìtì àtijọ́ wà nínú ọ̀rá lẹ́sẹ̀ mi, ó ń rùn dé Oǹdó.

Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Ọ̀gá Reuben jókòó sábẹ́ fọ́tò fírídọ̀ọ̀mù àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá kan, oníbàárà, jókòó tì í. Wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ níta. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Gbémi! Ọmọ mi rántí mi. Kí lo mú bọ̀ fún mi?"

Mo dìde, mo da bẹ́líìtì náà sórí tábìlì. "Ẹ má bínú, sà. Ọṣẹ lẹ fi ra á."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọṣẹ pa ènìyàn rí? Ìwọ tí o kò mọ sípánà yàtọ̀ sí ṣíbí nígbà tí ìyá rẹ fà ọ́ wá! O ti gbàgbé ìbúra rẹ?"

"N kò gbàgbé, sà. N kò sì gbàgbé Bàbá Akínyẹmí. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi ra ọṣẹ mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ẹ̀yin lẹ rán mi. Kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin ni."

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. "Àǹtí, ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn. Owú iṣẹ́ ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kí yín pé ẹ ṣeun," ni Àǹtí Adépéjú wí. "Ẹ dá ọpẹ́ mi padà fún mi."

Bàbá oníbàárà yẹn dìde. Ó rọra rìn lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó ki ìka kan bọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi nu bẹ́líìtì, ó gbé e símú. Ó tún gbé e símú. Lẹ́yìn náà ó nu ìka náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì na ọwọ́ kejì sí Ọ̀gá Reuben.

"Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"