Bẹ́líìtì Kan Ṣoṣo Tó Ń Ṣiṣẹ́

Mi ò kórìíra ajá. Kí ajá wà ní tirẹ̀, kí n wà ní tèmi, ohun tí mo fẹ́ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń wa takisí ní Garki, l'Ábújá. Mo ti gbé ewúrẹ́, mo ti gbé iṣu, mo ti gbé ọkọ ìyàwó tó ń sá lọ. Mi ò gbé ajá rí. Ẹni tó bá mọ Jàbárù ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ á mọ̀ pé bí ìrun Jímọ̀ bá ti kù dẹ̀dẹ̀, èmi àti ohun tó lè ba aṣọ mi jẹ́ kì í rìn pọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ gan-an ni Àńtí Adépéjú wá pè mí. Oníbàárà mi ni, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ó ní kí n wá gbé òun lọ sílé ní Life Camp láti ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko kan lẹ́yìn ọjà. Mo débẹ̀, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà tó gbé apẹ̀rẹ̀ rọ́bà dání, irú èyí tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Ajá ló wà nínú ẹ̀.

"Àńtí," mo ní, "kí lèyí?"

"Tanímọ̀la ni."

Kò tóbi ju bàtà ṣọ́jà méjì lọ. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan níwájú títí dé èjìká. Àńtí ṣàlàyé pé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, orí ẹsẹ̀ òun ló jókòó sí nínú mọ́tò ọ̀rẹ́ òun kan. Ọ̀rẹ́ tẹ búréèkì, ajá fò lọ kọlu dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ kán. Dókítà ti fi irin tò ó, ṣùgbọ́n ó ní bó bá tún lè já bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré kí egungun tó jinná, gígé ni wọ́n máa gé e.

"Ó ní ká gbé apẹ̀rẹ̀ sórí àga, ká fa bẹ́líìtì gba etí apẹ̀rẹ̀ náà méjèèjì, ká sì há a dáadáa." Ó wò mí lójú. "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ajá mi."

Mo fẹ́ sọ pé mẹ́ta tó máa kù náà ṣì pọ̀ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Èmi náà kúkú fẹ́ kí wọ́n so ajá ọ̀hún mọ́lẹ̀, nítorí aṣọ funfun tó wà lọ́rùn mi.

Ẹ̀yìn la kọ́kọ́ gbé e sí. Mo fa bẹ́líìtì, mo fi bo apẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ó ti parí."

"Mi ò gbọ́ kó dún."

"Àńtí, kì í dún."

Ó fà á wò. Bẹ́líìtì tẹ̀lé e lọ. Ojú tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: bẹ́líìtì inú mọ́tò mi, ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Tèmi alára, bí mo bá rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lókèèrè, màá fà á kọjá àyà, màá fi ọwọ́ di ẹnu rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí mi títí màá fi kọjá. Kì í ṣe èmi nìkan. Ẹ lọ bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wò.

Àńtí ò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń dán àga wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yan bàtà. Ti iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìkan ló dún kọ́, tó sì há.

"Ibí ló máa jókòó sí," ó ní.

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èmi?"

"Àbí kí n gbé e sórí ẹsẹ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbéra, Àńtí lẹ́yìn, ajá níwájú. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo fún ara mọ́ ilẹ̀kùn débi pé ìdajì ìdí mi ò sí lórí àga mọ́. Ajá ń wò mí. Mi ò wò ó.

A ò tíì jìnnà tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan fi dá wa dúró. Mo ti fa tèmi kọjá àyà, mo dì í mú. Ó bẹ̀rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Sànnu, Alfa. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sórí sítíárì."

Mo gbé e. Bẹ́líìtì sá padà sílé rẹ̀ fìrìrì.

"Kai!" Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Ajá nìkan ló ń pa òfin mọ́ níbí." Àńtí bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹsẹ̀ ajá. Ó ní ká máa lọ, ṣùgbọ́n kí òun má tún rí mi bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Ó ku díẹ̀ ká yà sí Life Camp ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan já wọlé síwájú mi láì wo ibì kankan. Orí burúkú! Mo tẹ búréèkì tagbára tagbára. Àyà mi lọ bá sítíárì, Àńtí fi iwájú orí gbá ẹ̀yìn àga. Ọwọ́ ọ̀tún mi, tí mi ò rán níṣẹ́, ti lọ di apẹ̀rẹ̀ mú.

Apẹ̀rẹ̀ ò mira. Ajá gbé orí sókè, ó lá mi lọ́wọ́, ó sì tún dùbúlẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Alfa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?" Àńtí ló ń pariwo. Iwájú orí rẹ̀ ti wú, ó tó ẹyin àparò. Kò tiẹ̀ mọ̀.

"Nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ wò ó fúnra yín."

Ó wò ó, ó bú sẹ́kún. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, Tanímọ̀la nìkan ló ń wá pàdé òun lẹ́nu ọ̀nà bí òun bá tibi iṣẹ́ dé. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Mo já wọn sílé. Mo fọ ọwọ́ tí ajá lá nígbà méje, mo fi iyẹ̀pẹ̀ kún un bí ẹ̀sìn wa ṣe wí, mo bá wọn kírun ní mọ́ṣáláṣí, ní sààfù ìkẹyìn. Àyà ń dùn mí nígbà tí mo forí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun, mo lọ gbé ọmọ mi, Ummulkhulthum, nílé ìwé. Ó wọ ẹ̀yìn, ó dúró sáàárín àga méjèèjì, ó fi ọwọ́ kan dì mí léjìká kó lè máa wo ọ̀nà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tó ti lè dá dúró. Mo wo iwájú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan láàárín òun àti gíláàsì.

"Ummu, bọ́ síwájú."

"Bàbá, ibẹ̀ ń rùn."

"Mo mọ̀. Jókòó."

Mo fa bẹ́líìtì kọjá àyà rẹ̀, mo há a. Ó dún kọ́. Ọmọ náà ta gìrì.

"Bàbá, kí ló dún yẹn?"

Oṣù tó kọjá ló pé ọmọ ọdún méje. Nínú mọ́tò yìí ni mo ti ń gbé e láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.