Igi Kòkó Nílẹ̀ Ṣakí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí àbúrò mi ń ṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí wà. Tíṣà ni Adétòkunbọ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí níbí. Ọdọọdún ló ń kọ ọ́ sójú pátákó pé inú igbó kìjikìji ni kòkó ti ń ṣe dáadáa, pé iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kajú ni ilẹ̀ ọ̀dàn tiwa gbà. Ọmọ tó bá kọ nǹkan mìíràn nínú ìdánwò, òdo ló ń fún un.

Òun náà ló jókòó síwájú Wòlíì Dámiláre, ó ń ṣe àmín.

Wòlíì yìí, ìhà igbó lọ́hùn-ún ló ti wá. Ó pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìgbòho, ó ń fi bàtà funfun rìn nínú erùpẹ̀ pupa. Ọdún méje ni Tòkunbọ̀ àti Fọlákẹ́mi ìyàwó rẹ̀ ti ń wojú Olúwa fún ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti ní kí àwọn méjèèjì lọ ṣe àyẹ̀wò títí ẹnu fi ń ro mí. Fọlákẹ́mi lọ. Tòkunbọ̀ ní kò sí ohun tó ṣe òun. Ọkùnrin! Ọ̀dọ̀ Wòlíì ló gba lọ. Wòlíì dijú, ó ní òun rí oko bàbá wa, òun rí igi kòkó ńlá kan láàárín rẹ̀, ìdí igi náà ni ìyá ọkọ sì sin ilé ọmọ ìyàwó sí. Àfi kí ìyá náà kúrò nílé kó tó di ọjọ́ Sunday, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Fọlákẹ́mi kò ní pọn ọmọ láé.

Ìyá tó ń wí yẹn, ìyá tó bí mi ni. Irú ló ń ṣe tà tó fi rán Tòkunbọ̀ níwèé.

Ọjọ́ Friday, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó ti ẹrù rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n lọ sinmi ní ìlú Komu," ni ó wí. Ó ní òun ti ránṣẹ́ pe ọlọ́kadà.

Fọlákẹ́mi ń sunkún nínú ilé ìdáná. Òun ló sọ ìran náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú bí mi gan-an. Olójú kì í lajú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Mo fa Tòkunbọ̀ lápá, ó di àgọ́ Wòlíì.

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Wòlíì. Igi wo lẹ rí lóko bàbá wa?"

"Igi kòkó, ìyá. Èso rẹ̀ pọ́n yòò."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ẹ̀mí kì í purọ́."

"Ẹ̀mí kì í purọ́ lóòótọ́. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Láti ibí dé Ìgbẹ́tì, ẹ fi igi kòkó kan péré hàn mí."

Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. "Kòkó ti ẹ̀mí ni," ó ní.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Ìran tí ẹ rí fún àwọn ará ọ̀hún lẹ gbé wá bá wa, ẹ kò tilẹ̀ ṣe wàhálà kí ẹ pààrọ̀ igi!"

Mo yíjú sí Tòkunbọ̀, mo rò pé ojú rẹ̀ ti là. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé kò sí kòkó lóko wa. Mo rò pé Wòlíì kàn ṣi igi mọ̀ ni. Mo... mo lọ gbẹ́ ìdí igi irú Màmá lánàá."

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"Gbòǹgbò."

Ẹ gbà mí o! Irọ́ fẹ́ wó lulẹ̀, tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ fi ọ̀pá tì í. Ó fi ọkọ́ gé gbòǹgbò igi tó rán an níwèé. Mo fi Wòlíì sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí a délé, Ṣùkúrù ọlọ́kadà ti so ẹrù Màmá mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀. Mo ní kó dúró ná. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá, títí kan ti igi irú. Tòkunbọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Láràárọ̀ tí mo bá kúnlẹ̀," Màmá ní, "orúkọ ìyàwó rẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. Ògiri kan ló wà láàárín wa, o ń gbọ́. Tòkunbọ̀, ẹni tí kò mọ igi oko wa, òun lo gbà pé ó mọ inú mi?"



Fọlákẹ́mi jáde láti ilé ìdáná, ó nu ojú rẹ̀. Ó tú ẹrù Màmá sílẹ̀, ó gbé e wọlé. Nígbà tó padà jáde, Ṣùkúrù ti ń ṣáná sí ọ̀kadà.

"Ẹ má lọ," ó ní. "Ọkọ mi lẹ máa gbé. Ọsibítù ni."