Koríko Iwájú Àká

Yakub kì í ya ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí! Gbogbo Saturday ló fi ń wa mọ́tò lọ sí Hampton, lọ́nà oko àwọn òyìnbó, níbi tí pápá koríko ṣì kù, tí àwọn àká onípákó pupa sì ń dà wó díẹ̀díẹ̀. Á ya pápá, á ya àká, á ya ọgbà màlúù. Màlúù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Rárá o! Ó ní lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ọjọ́ ìdájọ́, wọ́n á ní kí òun fẹ́mìí sí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí òun bá yà, níbo lòun ti fẹ́ rí ẹ̀mí ọ̀hún?

Raheemat ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a lọ. Á tẹ́ ẹní sórí koríko, á máa jẹ ẹ̀pà, á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Kaothar, màlúù ló kún iwájú yín yìí o. Àbí ẹ ò rí wọn ni?"

"Mo rí wọn. Wọn ò bẹ̀ mí níṣẹ́."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà tí jẹjẹrẹ mú Raheemat, ẹ̀rín tán. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, ó tì. A rí t'àìsàn ṣe, a ò rí t'ọlọ́jọ́ ṣe. Wọ́n gbé e padà sílé wọn ní Fairburn, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un ní pálọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó nàka sí àwòrán tí ọkọ rẹ̀ fi ti ògiri, tí kò tíì parí: àká pupa kan, koríko tó ga, ojú ọ̀run tó ṣú.

"Ẹ yà mí síwájú àká yẹn. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ yà mí látẹ̀yìn, ó tó mi. Ẹni tó bá rí i, kó mọ̀ pé èmi náà wà níbẹ̀."

Yakub ní rárá. Háà, olórí kunkun! Raheemat bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá yíjú sógiri. Ó dun Yakub dọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà á. Èwo ni kó ṣe?

Fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń lọ dúró wo àwòrán náà. Nígbà tó yá, ó gbé àwòrán náà wọ gáráàjì, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, ó ya ìyàwó rẹ̀. Ó yà á bó ṣe máa ń jókòó sórí ẹní, tó kọjú síni, tó wé ìborùn. Ó ń yà á, ó ń sunkún, ó ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Ìgbà tó gbé e jáde, Kaothar ọmọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Raheemat wo àwòrán náà, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo mà rẹwà o." Omi dà lójú rẹ̀. "Ó tó. Ẹ pa mí rẹ́."

"Kí lo wí?"

"Mo ti rò ó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n torí mi dá yín dúró lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ẹ fi koríko bò mí. Níṣojú mi báyìí."

Yakub kò lè jiyàn. Ó gbé àwòrán ti ògiri, ó kúnlẹ̀ tì í, ó kẹ̀yìn sí bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀, ó ń fi ọ̀dà àwọ̀ ewé fa koríko lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bo ẹní, ó bo ọwọ́, ó bo àyà. Ìgbà tó kan ojú, ó dáwọ́ dúró.

"Raheemat, ṣé kí n fi ojú nìkan sílẹ̀?"

Kò gbọ́ èsì. Ó rò pé Raheemat kọ̀ ni. Ó bá tẹjú mọ́ ojú inú àwòrán yẹn, ó rọra ń bò ó, kí ìpéǹpéjú kankan má baà hàn.

"Dádì," Kaothar pè é.

"Ó kù díẹ̀."

"Dádì, ẹ wo ibí."

Ó yíjú padà. Raheemat ti lọ, ojú rẹ̀ ṣì là, ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Yakub sáré dìde, ó nawọ́ kó pa ojú rẹ̀ dé, ó rí i pé ọ̀dà ti kún gbogbo ìka òun. Kaothar ló pa ojú ìyá rẹ̀ dé.