Bàtà Pupa Lẹ́nu Géètì

“Màmá, ta ló kọ́kọ́ kọ orin yìí?”

Obì tí Àbẹ̀bí ń bó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rì sínú omi. Tiwalọpẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, jókòó níwájú rẹ̀ lórí àpótí, kò tíì bọ́ aṣọ ilé ìwé.

“Orin wo?”

Àbẹ̀bí mọ orin tó ń wí. Ọjọ́ kẹrin rèé tí kò jẹ́ kó gbádùn. Bó bá ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ ń kọ ọ́. Bó bá wọ ṣáláńgá, níbi tó yẹ kí arúgbó ti sinmi, ikùn rẹ̀ náà ń gbè é:

Ará Ṣáínà, ajá wa dà?
Ó wà níkòkò, ó ń hó!

“Èyí tí wọ́n fi lé Mẹ́ìlín dé ilé wọn. Kò wá sí kíláàsì mọ́. Olùkọ́ wa ní ìyá rẹ̀ fẹ́ mú un padà sí Ṣáínà ní Sátidé.”

Ọjọ́bọ̀ sì nìyí. Àbẹ̀bí wo òdìkejì títì. Iléeṣẹ́ irin kan lẹ́yìn Ṣágámù ni bàbá Mẹ́ìlín ti ń ṣiṣẹ́; ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí ti Àbẹ̀bí ni wọ́n gbà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi orin lé ọmọ náà wálé ni géètì ti wà ní títì. Bàtà pupa kan, ẹsẹ̀ òsì, tó bọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ náà bó ṣe ń sáré, ṣì wà lẹ́nu géètì. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á. Láràárọ̀, òun ni Àbẹ̀bí ń kọ́kọ́ rí, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀.

“Èmi ni,” ó wí.

Lóṣù tó kọjá, Bíńgò, ajá rẹ̀, sọnù. Níbi tí Àbẹ̀bí àtàwọn obìnrin àdúgbò ti ń bó obì ló ti pàtẹ́wọ́, ó sì dá orin náà sílẹ̀. Kareemat, aládùúgbò rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Àwọn ọmọdé gbọ́. Lọ́jọ́ kẹta ni Bíńgò dé, ẹrẹ̀ bò ó, ó ti wá ìyàwó lọ sọ́nà Símáwá. Ajá padà wálé, orin ò padà. Àbẹ̀bí ò sì sọ pé irọ́ ni òun pa. Ẹ̀rín wọn ti dùn mọ́ ọn jù.

“Ṣùgbọ́n Bíńgò rèé,” Tiwalọpẹ́ wí. Ajá náà ń sùn lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

“Òun rèé.”

“Ẹ sì mọ̀.”

“Mo mọ̀.”

Nígbà tí Àbẹ̀bí wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ n'Íbàdàn, kò sọ́mọ tó ń gba gúgúrú lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọmọ Ìjẹ̀bú, bàbá ẹ ń fi èèyàn ṣówó!” Bàbá tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe. Ó rò pé òun ti gbàgbé. Lánàá, ó rí ojú kékeré kan lẹ́yìn kọ́tìnì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ó sì jọ ojú tirẹ̀ ìgbà náà.

Tiwalọpẹ́ dìde, ó ń wọ́ bàsíà obì lọ sójú títì, omi ń dà sílẹ̀.

“Níbo lò ń gbé obì mi lọ?”

“Ẹnu géètì wọn. Ibẹ̀ la ó ti bó o. Tí Mẹ́ìlín bá yọjú, kó rí i pé a wà lọ́dọ̀ ẹ̀.”

Nígbà tó débẹ̀, ó mú bàtà náà, ó sì ṣàn án nínú omi obì.

“Yéè! Omi obì mi!” Àmọ́ Àbẹ̀bí gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé e.

“Ìyá Olóbì,” Kareemat ké láti ilé rẹ̀, “ṣé ilé lé yín jáde ni?”

“Ìdí mi ló fẹ́ afẹ́fẹ́. Gbé àpótí ẹ wá!”

Kò pẹ́, wọ́n di márùn-ún. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ibi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kọjá, ọ̀kan sì dá orin náà: “Ará Ṣáínà...” Kareemat sorí kọ́. Tiwalọpẹ́ ń wo ìyá àgbà rẹ̀.

Àbẹ̀bí dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Ó pe Bíńgò, ó di ọrùn rẹ̀ mú.

“Ajá tẹ́ ẹ ní ó wà níkòkò rèé! Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Abo ló lé lọ. Èmi àgbàyà ni mo purọ́ mọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọrin, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ fi sí i!”

Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, àmọ́ ó tètè gé e kúrú. Àwọn ọmọ náà rọra lọ.

Géètì dún. Mẹ́ìlín yọjú, bàtà pupa lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì lásán. Ọdún mẹ́ta tó ti lò ní Ṣágámù ti tó kó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin náà.

“Ẹ̀yin ni lóòótọ́, mà?”

“Èmi ni, ọmọ mi. Jọ̀wọ́, má bínú.”

Mẹ́ìlín ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tútù náà, ó jókòó ti Tiwalọpẹ́, ẹni tó fi bí wọ́n ṣe ń bó obì hàn án. Ìyá Mẹ́ìlín dúró nínú géètì, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin. Kò jáde, kò sì ti géètì.

Obì ń já bọ́ sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìró rẹ̀, Àbẹ̀bí ṣì ń gbọ́ orin náà.

“Lọ́la,” ó wí fáwọn obìnrin, “ibí náà ni.”

Ó wo ìyá Mẹ́ìlín, ó sún àpótí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àyè lè wà fẹ́nì kan sí i.