Ọkọ̀ Tí Kò Mọ Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ Mọ́

Ẹ má dárúkọ ọkọ̀ Tàjúdéènì létí mi. Ẹni tó bá fẹ́ kí èmi pẹ̀lú rẹ̀ máa rẹ́, kó bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọkọ mi ni Tàjúdéènì. Pijó àtijọ́ kan ló ń wà tẹ́lẹ̀ níbí ní Ṣakí, abẹ́ igi máńgòrò inú àgbàlá wa ló sì ti ń tún un ṣe. Kò gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rí. Bí Pijó bá ti kọṣẹ́, á fi ẹnu fa epo, á fi ọ̀bẹ ha ìdọ̀tí kúrò, á yọ orí bátìrì kó lè sinmi díẹ̀, á dá a padà, ọkọ̀ á sì dáhùn. Ó wá ń fi ṣe fáàrí. Ó ní ọkọ̀ àti ìyàwó, ẹni tó ni wọ́n ló mọ àrùn wọn. Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá mi.

Nígbà tó yá, ó ta Pijó, ó ra èyí tí wọ́n ń pè ní ìgbàlódé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í wọ ihò kankan. Inú àpò ló ń wà, bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ ṣí iwájú rẹ̀, ike dúdú ló bo gbogbo ẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Mo ní kó wá ẹni tó mọ irú rẹ̀, kó gba nọ́ńbà onítọ̀hún sọ́wọ́. Ó bi mí pé ṣé mo rí i tí ọwọ́ òun gé ni.

Ogbooro ni ìyá mi ń gbé. Àwọn ló ń wẹ òkú obìnrin níbẹ̀. Olówó o, tálákà o, àwọn ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń mú mi dání, tí mo ń bá wọn bu omi, tí wọ́n ń kọ́ mi pé apá ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀, pé ohun tí èèyàn bá rí lára òkú, kì í sọ ọ́ síta. Nígbà tí àìsàn wá dá wọn gúnlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Àdìjátù, ìwọ ni kó o wẹ̀ mí. Má jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ mí kan ara mi.”

Mo ṣèlérí fún wọn. Mo fi Ọlọ́run búra.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbá ọjọ́ kan ni Abọ́dúnrìn, àbúrò mi, pè mí pé wọ́n ti lọ. Ẹ sì mọ tiwa, òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Lémọ́ọ̀mù ti ní bí wọ́n bá kírun Àílà tán, wọ́n á sin wọ́n. Abọ́dúnrìn ní òun á bẹ àwọn àgbà kí wọ́n má tíì wẹ̀ wọ́n, kí n ṣáà tètè máa bọ̀. Mo di kànrìnkàn tuntun àti lọ́fíńdà sínú àpò, mo wọ ọkọ̀.

A ò tíì jáde nínú àgbàlá tí iná kan fi tàn níwájú Tàjúdéènì. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, kò fẹ́ sáré. Ká ní a rọra ń wọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀, à bá dé. Ó ní rárá, pé ìsinmi ló ń fẹ́. Ó mú sípánà, ó yọ orí bátìrì bó ṣe máa ń ṣe fún Pijó. Ó dá a padà, ó tẹ bọ́tìnì. Ọkọ̀ ò fọhùn. Àwòrán kọ́kọ́rọ́ kan ló kàn ń ṣẹ́jú sí wa. Ọkọ̀ ò mọ kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ mọ́.

Ládòkun ọlọ́kadà, aládùúgbò wa, gbọ́, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ wá, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé mi lọ. Tàjúdéènì ò tilẹ̀ gbórí sókè.

“Ìyàwó mi ò ní gun ọ̀kadà lọ síbi òkú ìyá rẹ̀ nígbà tí mo ní mọ́tò. Ṣé kí àwọn àna mi máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

Ó ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù! Ìyá tirẹ̀ ń bẹ nílé tó ń mu ẹ̀kọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wò ó bó ṣe ń tú ike, tó ń fa wáyà, tó ń bá nọ́ọ̀tì tí sípánà rẹ̀ kankan ò bá mu jìjàkadì. Oòrùn ń gòkè. Abọ́dúnrìn pè, ó tún pè. Ó ní omi ti gbóná, ó ti tutù, wọ́n tún ti gbé e kaná, ibo la dé? Mo ní a ti wà lọ́nà. Àgbàlá ọkọ mi ni mo jókòó sí.

Ìgbà tí wọ́n pe ìrun Àílà ládùúgbò wa ni mo dìde, mo gba ìró mi mọ́ra, mo gun ẹ̀yìn Ládòkun. Tàjúdéènì ń pè mí. Mo ní kí Ládòkun máa sáré.

Ilẹ̀ tútù ni mo bá, wọ́n ti sin wọ́n. Mo bi Abọ́dúnrìn pé ta ló wẹ̀ wọ́n. Ó dojú bolẹ̀, ó ní obìnrin kan tó wá kí ará ilé rẹ̀ láti Tẹ̀dé ló bá wọn ṣe é, pé ó ṣe é dáadáa. Ó ní bó ṣe ń wẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ló ń bèèrè orúkọ wọn.

Ìyá mi tó wẹ ìyá gbogbo ìlú! Inú mi bà jẹ́ débi pé ẹkún kọ̀ láti wá. Kànrìnkàn ṣì wà nínú àpò mi, gbígbẹ.

Kó tó di ọjọ́ fídáù, Tàjúdéènì ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan láti Ìsẹ́yìn. Ọkùnrin náà ki ẹ̀rọ kan tó dà bíi fóònù bọ abẹ́ ọwọ́ ọkọ̀, ó kọ́ ọkọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà, kò tíì mu omi tí mo gbé fún un tán tí ọkọ̀ fi dáhùn. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ fídáù, ó fọ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní kí n wọlé, pé ó ti dáa báyìí.

“Bàbá Fàrídà,” mo ní, “ta la fẹ́ lọ wẹ̀?”

Mo pe Ládòkun. Ọkọ̀ ìgbàlódé tẹ̀ lé wa lẹ́yìn títí dé Ogbooro, gbogbo àwọn àna Tàjúdéènì ló sì dúró níta tí wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.