Àpótí Àgbàdo ní Jọga-Orílé

Lọ́dún 1978, Oyèrónkẹ́ wá láti yunifásítì ṣe ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Jọga-Orílé. Ó kan àpótí ńlá kan, ó fi gíláàsì bò ó lórí, kí ooru inú rẹ̀ lè máa mú àgbàdo gbẹ bí ojú ọjọ́ tilẹ̀ ṣú. Àgbàlá Màmá Ṣàíbù, opó tó gbà á sílé, ló gbé e sí. Àwọn ará ìlú á kí i, wọn á kọjá lọ sóko. Lálaalẹ́, òun nìkan ló ń jẹun nínú yàrá rẹ̀.

Nígbà tí òjò wá rọ̀ lemọ́lemọ́, àgbàdo àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Oyèrónkẹ́ ṣí àpótí rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Kò sẹ́ni tí òun lè fi í hàn àfi màmá.

Màmá Ṣàíbù ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó fi eyín fọ́ ọ. “Ó gbẹ. O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ṣé wàá máa lọ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Iṣẹ́ ti parí.”

“Láti ìgbà tí Ṣàíbù ti lọ sí Kùtọnu, ìró ṣíbí rẹ nìkan ni mò ń gbọ́ nínú ilé yìí. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n kanlẹ̀kùn. Mo ní akọ̀wé ni ẹ́, o lè máa kàwé.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Oyèrónkẹ́ gbé àwo rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì jọ jẹun. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, màmá sìn ín dé ìdíkọ̀ Ìlaró, ṣùgbọ́n kò lè dúró wo bí ọkọ̀ ṣe ń gbé e lọ.